Ẹni Tó Ń Tọ́ Aró Wò

Louisa, ìyàwó Tíṣà Adégòkè, kò tíì fa aṣọ náà rárá tí ó fi ya. Ó kàn mú etí rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ́ nà án sóòrùn kí ó lè wo bí aró ṣe mú un, ni kíjìpá tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun kó tó kú bá là sí méjì bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Obìnrin náà wo èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó wo èyí tó wà lọ́wọ́ òsì. Ó tún fọwọ́ tẹ igun kan wò, ìka rẹ̀ sì gba inú aṣọ jáde.

"Yéè! Aṣọ ìyá mi!"

Àwọn obìnrin tó wà ní ìdí aró ní Bẹyẹrúnkà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń gún èlú gbé ọmọ odó dúró lókè. Ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn gbàgbé aṣọ sí èjìká. Gbogbo wọn wá yíjú sí ibi tí Èjìdé jókòó sí lórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ńlá.

Kì í kúkú ṣe ojú burúkú ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n ń dúró kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, nítorí ta ni yóò mọ̀ ọ́n bí òun kò bá mọ̀ ọ́n? Aró kì í ṣe ohun tí ojú lè ṣọ́. Eérú igi ni wọ́n máa ń dà sínú ajere, ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á da omi lé e lórí, omi á sì máa kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń dà lé èlú gígún títí yóò fi di aró. Bí omi náà bá rọ̀ jù, aṣọ á jáde bíi pé àìsàn ló ń ṣe é. Bí ó bá le jù, á jẹ aṣọ, pàápàá aṣọ àtijọ́. Bó sì ṣe ń rí lójú nígbà tó dára náà ló ń rí lójú nígbà tó burú. Ahọ́n nìkan ló ń mọ̀ ọ́n, Èjìdé sì ni ahọ́n gbogbo ìdí aró yẹn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ti aṣọ bọ ìkòkò kankan níbẹ̀, àfi bí Èjìdé bá ti ki ìka bọ̀ ọ́, tó tọ́ ọ wò, tó ní, "Ó tó." Bí ó bá ní, "Kò tó," ẹni tí Baálẹ̀ pàápàá rán níṣẹ́ á lọ jókòó sábẹ́ igi, á dúró. Láti Ọ̀rányàn, láti Àrẹ̀mọ, títí kan àwọn oníṣòwò tó ń wọ rélùwéè wá láti Abẹ́òkúta, tí àwọn náà sì mọ iṣẹ́ aró dunjú, wọ́n ń kó aṣọ wá bá a. Ahọ́n-Aró ni wọ́n ń pè é. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé Èjìdé lorúkọ rẹ̀.

Ahọ́n-Aró kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yìí. Kúbúrá tó tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí ló kọ́kọ́ lanu. Ẹnu Kúbúrá kì í gbófo, bí kò bá sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, tábà á wà níbẹ̀.

"Aró yìí ò ṣàdédé dà báyìí o," ó ní. "Ẹnìkan ló bà á jẹ́. Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Ohun tí ó ń wí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Àwọn aláró gbà pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìkòkò, nítorí aró kò fẹ́ ẹni tí kò mọ́. Bí aró bá sì ti bàjẹ́, kí wọ́n tó wo omi, kí wọ́n tó wo eérú, obìnrin ni wọ́n ń wò. Ni ojú bá kúrò lára Èjìdé, ó di ọ̀dọ̀ Kúlúsúmù, ìyàwó agboolé kejì, tí wọn kò tíì gbé wọlé tó ọdún kan. Òun ló ń ru omi eérú. Òun náà ló ki aṣọ Louisa bọ ìkòkò lánàá, kí ó lè sùn sínú aró mọ́jú.

"Kúlúsúmù," Kúbúrá pè é, "ṣé o mọ́ nígbà tí o tọwọ́ bọ ìkòkò?"

"Mo mọ́, ìyá. Wàláhì, mo mọ́! Ṣé ẹ̀yin náà ò rí mi lórí ẹní ìkírun ní Àsùbáà ni?"

"Ẹni tó bá lè purọ́ fún wa, ṣé Ọlọ́run ni kò ní lè purọ́ fún? Ta ló bá ọ dé bàlùwẹ̀?"

Omijé bọ́ lójú ọmọ náà. Ó rìn lọ síwájú Èjìdé, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ aró. "Ìyá, ẹ bá mi sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn."

Ohun tó mú kí àyà Èjìdé já ni pé ọmọ yìí kò sọ tán. Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò sọ. Lánàá, kí aṣọ tó wọ ìkòkò, Kúlúsúmù ti fi ìka kan omi náà, ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó sì rọra wí pé, "Ìyá, ó dà bíi pé ó le jù." Kí ni Èjìdé fi dá a lóhùn? Ó ní, "Ìgbà wo lo dé ìdí aró tí o ń kọ́ mi ní aró? Gbé aṣọ sí i, jàre!" Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá sọ ọ́ jáde báyìí, ọ̀rọ̀ á bùṣe, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ilé ire ló ti wá, kò sì fẹ́ kí àgbàlagbà tẹ́ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń wo Èjìdé lójú.

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná," Èjìdé wí. Ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn rẹ̀.

"Kí ni ẹ fẹ́ rò, Ìyá Sàídì?" Kúbúrá ní. "Kí Kúlúsúmù má ṣe dé ìdí ìkòkò mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́."

Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ilé ààfáà ni ilé ọkọ Kúlúsúmù. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìyàwó àwọn kì í ka ìmọ́tótó sí, pé ó ń fi ara àìmọ́ kírun, ta ni yóò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́? Kò sì sí ìdí aró kan ní Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, tí yóò gbà á sọ́dọ̀. Ọmọ tí kò tíì bímọ kan, wọ́n á ti sọ orúkọ burúkú mọ́ ọn lára.

Louisa ti ká aṣọ tó ya náà. Àwọn obìnrin retí pé kí ó bú wọn, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. "Ìyá," ó wí fún Èjìdé, "ọ̀dọ̀ yín ni mo gbé e wá nítorí pé ìyá mi fẹ́ràn ọwọ́ yín. Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó yí padà, ó ń lọ sí ọ̀nà Àrẹ̀mọ. Èjìdé ìbá kúkú fẹ́ kí ó bú òun.

* * *

Lùkúlùkú ló fà á. Àìsàn burúkú tó jà nílẹ̀ wa nígbà tí ogun àwọn òyìnbó ń parí lọ, tó jẹ́ pé ẹni tó kí ni ní àárọ̀ lè má dáhùn mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Kò yọ mùsùlùmí sílẹ̀, kò yọ onígbàgbọ́ sílẹ̀. Ó dá Èjìdé náà wó, gbogbo ilé sì ti ń sunkún rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kó tó dìde. Wọ́n ṣe àdúrà ọpẹ́, wọ́n sè, wọ́n pín. Èjìdé bu òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó dúró, ó tún jẹ ẹ́. Bíi pé òwú tútù ni òun ń jẹ. Ó rò pé yóò lọ.

Kò lọ. Òórùn kò sí, adùn kò sí, iyọ̀ kò sí. Lọ́jọ́ kan, Sàídì ọmọ rẹ̀ bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó sì pariwo, "Ìyá! Ṣé òkun lẹ dà sínú ọbẹ̀ yìí ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Èjìdé náà rẹ́rìn-ín, ó ní àgbà ló ń dé. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó Sàídì ló ń sè. Ata nìkan ló ṣì ń ta á lẹ́nu. Nítorí náà ni Èjìdé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ataare láràárọ̀, ó rò pé bí ahọ́n bá gbóná dáadáa, yóò jí. Ahọ́n kò jí. Ó kàn ń ta títí di ọ̀sán ni, tó fi jẹ́ pé bí omi eérú bá le tó omi tó ń bó ni lára, Èjìdé kò lè mọ̀ bóyá omi ló ń ta òun ni tàbí ataare. Ojú ló ń fi díwọ̀n, ó ń fi ìka yí omi wò bóyá ó ń yọ̀, ó ń wo ìfófòó. Ọlọ́run bá a bò ó fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ kíjìpá ìyá Louisa ni ìbòrí náà ṣí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pe Sàídì wọ yàrá, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin pàtàkì ni Sàídì, ó ń ta aṣọ aláró ní Ọjà'ba. Bí ó bá fẹ́ ta aṣọ, kò ní pẹ́ kó tó sọ pé, "Ọmọ Ahọ́n-Aró ni mí o!" Àwọn oníbàárà á sì mú aṣọ láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Sàídì ní, "Ẹ̀yin, ìyá? Ahọ́n yín?"

"Ó ti lọ, ọmọ mi. Bí o bá fi ewúro àti oyin síwájú mi, ọ̀kan náà ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ojú tì mí."

Sàídì jókòó tì í. Ó nífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kò sí àníàní níbẹ̀. "Ó dáa. Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ ti ṣe é tó. Màá máa bọ́ yín, kò sí wàhálà. Àmọ́ ìdí tí ẹ máa sọ fún wọn ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ ní àgbà ti dé, ẹ fẹ́ sinmi. Ṣé irọ́ ni? Àgbà ti dé lóòótọ́. Wọ́n á sìn yín tìlù tìfọn dé ilé."

"Kúlúsúmù ńkọ́?"

"Ọmọdé ni Kúlúsúmù. Wọ́n á gbàgbé."

"Níbo ni wọ́n ti ń gbàgbé, Sàídì? Ní Ìbàdàn yìí? Ìlú tí wọ́n ti ń fi baba ńlá tó sá lójú ogun pe ọmọ-ọmọ rẹ̀?"

Sàídì kò lè rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ rò ó dáadáa. Bí ẹ bá ní ahọ́n yín ti kú, wọ́n á bi yín pé láti ìgbà wo. Gbogbo ẹni tó ti ra aṣọ láti ìgbà lùkúlùkú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa gbà wá. Orúkọ yín ni mo fi ń jẹun."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì fẹ́ sọ ọ́?"

"Mo fi ẹnu gba orúkọ náà ni. Bí n kò bá lè fi ẹnu kan náà dá a padà, a jẹ́ pé olè ni mí. Ọmọ olọ́mọ kúnlẹ̀ níwájú mi lónìí, Sàídì. Ó mọ ohun tí mo ṣe, kò sì sọ ọ́. Ọmọ àná ni. Tí èmi àgbà bá wá gbé ẹ̀bi mi lé e lórí, tí mo ní mo ń lọ sinmi, irú ìsinmi wo nìyẹn?"

Sàídì dìde, ó jáde, kò kí i pé ó dàárọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ó sì dun ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí kò sí ohun tó wí tí kì í ṣe òótọ́.

* * *

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Èjìdé kò jẹ ataare. Ó wẹ̀, ó kírun, ó ró aṣọ aláró tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Louisa, ó ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ Kúlúsúmù. Nígbà tí gbogbo wọn dé ìdí aró, wọ́n rí i pé Èjìdé kò jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó dúró tì í ni.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo fẹ́ kúrò lórí àpótí yìí. Láti òní lọ, n kò ní tọ́ aró wò fún yín mọ́."

Ariwo sọ. "Háà, ìyá!" "Kí la ṣe?" "Ṣé torí ọ̀rọ̀ àná ni?" Ẹnìkan tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Kúbúrá nawọ́ sókè. Òun náà fẹ́ràn Èjìdé lọ́nà tirẹ̀. "Ẹ dákẹ́ ná! Kí ló ṣàjèjì níbẹ̀? Àgbà ti dé. Ìyá Sàídì ti ṣe é láti ìgbà tí irun orí wa ti dúdú. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ìyá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀."

"Àmín! Àmín!"

Ẹ wò ó, ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kúbúrá fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ká ní Èjìdé kàn mi orí lásán, wọn ìbá gbé e sókè. Kúlúsúmù dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi gèlè bojú. Ìyá ọkọ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àná, ó jìnnà sí i díẹ̀, bí ẹni pé aṣọ òun lè kó nǹkan lára rẹ̀.

"Àgbà kọ́," Èjìdé wí. "Kúbúrá, mo bẹ̀ ọ́, wọlé lọ. Bu omi sínú igbá kan. Fún ewúro sínú èkejì, kí ó korò dáadáa, má ṣe ro tèmi. Gbé méjèèjì wá, má sì sọ èyí tí èyí ń jẹ́."

Kò yé Kúbúrá, ṣùgbọ́n ó lọ. Èjìdé tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ojú, ó so ó pinpin. Nígbà tí igbá dé, ó gba àkọ́kọ́, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún. Ó mu ún tọkàntọkàn bí ẹni tó ti oko dé. Kò fajú ro. Kò tutọ́. Ohun tó ń mu ṣàn wá sí àgbọ̀n rẹ̀, ó ń kán sí àyà aṣọ, àwọn obìnrin sì rí i pé àwọ̀ ewé ló ní.

"Omi nìyí," Èjìdé wí. "Àbí kì í ṣe omi?"

Kúbúrá gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ahọ́n kan ìyókù, ó tu ú sílẹ̀ kíá. "Ewúro ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì já. "Ìyá Sàídì! Ewúro ni ẹ mu!"

Èjìdé tú gèlè kúrò lójú. "Ẹ ṣé. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá mi wá a. Lùkúlùkú ló mú adùn lọ lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà, n kò mọ iyọ̀, n kò mọ oyin. Ó yẹ kí n sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú tì mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ tí ẹ ń pè mí. Mo jókòó síbí, mo ń ki ìka bọ ìkòkò, mo ń ní 'Ó tó,' bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ bóyá ó tó. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti ṣí láti ìgbà náà, tí aró rẹ̀ ti ń bọ́, èmi ni kí ó wá bá. Kí ó má lọ bá Sàídì. Sàídì kò mọ̀."

Ó yíjú sí Louisa. "Ọmọ mi, èmi ni mo ba aṣọ ìyá rẹ jẹ́. Dárí jì mí."

Lẹ́yìn náà ló wá rìn lọ bá Kúlúsúmù, ó mú un lọ́wọ́, ó fà á wá sáàrin. "Ọmọ yìí tọ́ omi náà wò lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ fún mi pé ó le jù. Èmi ni mo fi àgbà pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ẹ wá ń bi í ní ọ̀rọ̀ bàlùwẹ̀, ó mọ̀ pé èmi ni, kò sì tú mi fó. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi í bóyá ó mọ́, ta ló mọ́ tó o láàrin wa? Ìyá ọkọ rẹ̀, mo pè yín kí ẹ lè fi etí ara yín gbọ́ ọ. Ìyàwó rere lẹ fẹ́."

Ìyá ọkọ Kúlúsúmù sún mọ́ ọmọ náà, ó bọ́ ìborùn ọrùn rẹ̀, ó fi nu ẹkún ojú rẹ̀, ó sì fi ìborùn náà sílẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. "Alihamudulilahi," ó ní. Ẹkún wá gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà.

Louisa ni wọ́n ń wò báyìí. "Aṣọ náà dùn mí, ìyá, n kò lè purọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ká ní ìyá mi wà níbí tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí, yóò tún fẹ́ràn yín sí i. Èmi náà dárí jì yín."

Ibi tí wọ́n wà nìyí tí wọ́n fi rí ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Sàídì ni. Ó wọ dàńṣíkí funfun tó máa ń wọ̀ lọ sọ́jà, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin kì í wọ ìdí aró láìnídìí, torí ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í bọ́ lára aṣọ. Ó rìn gba inú ẹrẹ̀ náà kọjá, ó dé iwájú ìyá rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó dìde, àyà dàńṣíkí rẹ̀ ti dúdú.

"Ṣé o fẹ́ wọ ìyẹn lọ sọ́jà ni?" Èjìdé bi í.

"Òun ni màá wọ̀ lọ," Sàídì wí. "Bí wọ́n bá bi mí, màá sọ fún wọn."

Èjìdé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí gèlè nu imú.

Kúbúrá ló tún bá wọn mú ọ̀rọ̀ wá sílẹ̀. Ojú ti òun náà, ó ń wá ibi tí yóò fọwọ́ sí. "Ó dáa o. Kúlúsúmù ìyàwó, mo ti ṣì ọ́ wí. Má bínú. Ta ni yóò wá máa tọ́ aró wò báyìí?"

"Ìwọ ni àgbà ìdí aró," Èjìdé wí, "kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Jókòó sórí àpótí. Àmọ́ ahọ́n yẹn, Kúbúrá! Ahọ́n tó ti ń jẹ tábà láti ìgbà ogun Kírìjì?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Kúbúrá pàápàá rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Òótọ́ lẹ sọ. Ahọ́n tèmi ti di awọ bàtà."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà tí n kò mọ̀ ọ́n, òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò."

Wọ́n ti Kúlúsúmù síwájú. Omi eérú tuntun wà nílẹ̀ tó ti ń kán láti àná. Ọmọ náà ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó pa ẹnu dé. Bó ti mọ́ gbogbo wọn lára láti ṣe, ó gbójú sókè wo Èjìdé.

"Ìyá, ṣé ó tó?"

"Má wo ojú mi," Èjìdé wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ahọ́n rẹ ni kí o bi."

Kúlúsúmù tún tọ́ ọ wò. Àwọn obìnrin dúró. Louisa dúró. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró. Sàídì náà kò tíì lọ.

"Ó le díẹ̀," ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ó tún un wí, ó wá dún ketekete. "Ó le. Kí wọ́n bu omi sí i."

Kò sẹ́ni tó mira. Kì í ṣe àfojúdi, ó ṣàjèjì sí wọn ni pé kí ìyàwó àná pàṣẹ fún àwọn àgbà, wọ́n sì ń wo ara wọn, ta ni yóò jẹ́ ẹ.

Èjìdé bẹ̀rẹ̀, ó mú igbá tí Kúlúsúmù máa ń fi ru omi nílẹ̀. Ó káṣọ sókè, ó rìn lọ sídìí àmù, ó bu omi kún igbá náà, ó sì rọra gbé e padà wá kí ó má bàa dànù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó da díẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró, ó sì gbójú sókè wo ọmọ náà.

"Ó tó báyìí," ó bi í, "àbí kí n bu sí i?"